Ẹ Jọ̀wọ́, Kí Ni Ẹ Ń Tà?

Láyé ìgbà tí ariwo ẹ̀rọ kò tíì gba ìlú kan bí ó ti gbà á lónìí, ẹni tí ó bá sùn sí yàrá ẹ̀yìnkùlé, tí kò tilẹ̀ tíì la ojú dáadáa, lè mọ gbogbo ohun tí ń kọjá lójú títì, láti orí ẹ̀kọ gbígbóná dé orí àkàrà, nítorí pé àwọn obìnrin tí ń kiri ọjà náà kò jẹ́ kí ó ṣòro fún un láti mọ̀. Ìyá tí ó ru igbá lórí, tí ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dúró lójú kan, mọ̀ pé ẹni tí òun ń pè kò rí òun, pé ògiri ń bẹ láàrin àwọn méjèèjì, àti pé bí òun bá kọjá ilé onítọ̀hún kí ọ̀rọ̀ tó yé e, ọjà ti bọ́ nìyẹn. Nítorí náà ni ó fi máa ń kó ohun gbogbo sínú èémí kan ṣoṣo: orúkọ ohun tí ó rù, bí ó ti rí lẹ́nu, bí ó ti gbóná tó, àti pé òun ń lọ, kí ẹni tí yóò rà tètè jáde. N kò gbọ́ ọ rí kí ọ̀kan nínú wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni kí ó máa wí pé òun ni gbajúgbajà olùpèsè oúnjẹ òwúrọ̀, tí ó fi ìtẹ́lọ́rùn oníbàárà ṣáájú ohun gbogbo.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì kún ojú-ìwé àkọ́kọ́ nínú ìkànnì àwọn oníṣòwò kéékèèké wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí àwọn ènìyàn sì ti mọ̀ pé n kì í kọ̀ bí a bá gbé ìwé wá fún mi láti tún kọ, onírúurú oníṣòwò ni ó ti fi fóònù lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá àwọn wo ìkànnì tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe: aránṣọ, onídìrí, ẹni tí ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ẹni tí ń ta irúgbìn àgbàdo. Èmi a máa kà á lọ sísàlẹ̀. Màá rí ibi tí wọ́n ti kí mi káàbọ̀, màá rí àlá tí wọ́n ń lá fún ilé-iṣẹ́ wọn, màá rí àwòrán àwọn òyìnbó kan nínú kóòtù tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, àwọn tí ó dá mi lójú pé wọn kò dé Ṣàgámù rí. Ṣùgbọ́n n kò ní í rí ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n ń tà. Bí mo bá wá gbójú sókè tí mo bi olówó ìkànnì pé, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ ń tà?", yóò dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ní gbólóhùn kan tí ó mọ́ gaara. Èmi a sì wí fún un pé, ẹ wò ó, èyí tí ẹ sọ yìí ni kí ẹ kọ.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti yé mi jù lọ ni ìsọ̀ ìyá kan tí ń ta adìrẹ ní Ìtòkú, ní ìlú Abẹ́òkúta, ìlú àwọn ọmọ Lísàbí, tí àpáta Olúmọ fi abẹ́ rẹ̀ ṣe ibi ìsádi fún nígbà ogun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti san owó fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ ìkànnì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, ó ku ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sí i. "Tíṣà," ni ìyá náà wí, "ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ńláńlá sí i, ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi mọ̀ pé a kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tí ń ta kàm̀pálà lẹ́bàá ọ̀nà." Mo ní ó dára, mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní àpótí kan kí n jókòó ti àtẹ, kí n máa gbọ́ bí ọjà ti ń lọ.

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọmọbìnrin kan kí wọn pé ẹ kú ọjà o, ó fi ọwọ́ pa aṣọ kan wò, ó ní, "Mà, ṣé kọ́tìn ni àbí gínì?" Èkejì kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án: "Yáàdì mélòó ni ìdì kan?" Bàbá kan tí ìyàwó rẹ̀ rán níṣẹ́ ń wo fóònù rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tí òun rí yìí ni wọ́n ń pè ní adìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹnìkan pè láti Ìbàdàn pé bí òun bá san owó lónìí, ọjọ́ wo ni ẹrù yóò dé gáréèjì Ìwó Road. Àwọn obìnrin méjì kan tí wọ́n ń wá aṣọ ẹbí bèèrè bóyá ìyá lè ṣe irú kan náà fún ogójì ènìyàn, kí àwọ̀ ọ̀kan má dúdú ju ti èkejì lọ. Gbogbo wọn ni ó bèèrè iye owó, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì bèèrè bóyá aṣọ náà yóò ṣí bí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ó bèèrè ọdún tí wọ́n dá ìsọ̀ náà sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ mọ àlá ìyá aláró. Ìyá náà, ẹni tí ó ń bẹ̀ mí fún ọ̀rọ̀ ńláńlá, kò lo ọ̀kan nínú wọn láti dá wọn lóhùn. "Kọ́tìn gidi ni, yáàdì márùn-ún ni, ọwọ́ la fi ya á, ìyẹ́ adìyẹ la fi fa ilà rẹ̀," ni gbogbo ohun tí ó ń wí, owó sì ń wọlé. Mo mú bírò jáde, mo ń kọ ohun tí ó ń tẹnu rẹ̀ jáde sílẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́. Nígbà tí ó bi mí pé ìgbà wo ni n ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè mí sí, mo ní ẹ̀yin fúnra yín ti ń parí rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀ràn aṣọ tí ń ṣí yìí, nítorí pé kì í ṣe ìbéèrè òní. Láyé àtijọ́, ewé èlú ni àwọn ìyá wa, àwọn ọmọ Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, ń gún tí wọ́n ń fi eérú rẹ nínú ìkòkò láti fi ṣe aró, iṣẹ́ tí ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí kì í sì í gba ìkánjú. Nígbà tí aró òyìnbó àti sódà alágbára dé, tí iṣẹ́ náà di kíákíá, ọwọ́ gbogbo kò ní ìwọ̀n kan náà mọ́; aṣọ ẹlòmíràn ń ṣí, ti ẹlòmíràn ń gbó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, àwọn oníbàárà sì ń kùn. Ọ̀ràn náà le débi pé ní ọdún 1936, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de lílo sódà àti aró òyìnbó ní Abẹ́òkúta. Àwọn aláró kò gbà, ẹjọ́ náà sì di ńlá títí ó fi kan ìjọba amúnisìn. N kò fẹ́ dá ẹjọ́ àwọn àgbà tí ó ti lọ. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ìbéèrè tí ó dá ìlú rú nígbà náà ni àwọn oníbàárà ṣì ń bèèrè nídìí àtẹ lónìí, nígbà tí gbogbo ìkànnì adìrẹ tí mo yẹ̀ wò ń sọ fún ni pé aṣọ àwọn jẹ́ "ojúlówó", tí wọ́n sì dákẹ́. Ìdáhùn ìyá náà kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìfọ̀ àkọ́kọ́ yóò yọ aró díẹ̀, kí wọ́n dá a fọ̀ lọ́tọ̀ nínú omi tútù tí a bu iyọ̀ sí, kí wọ́n má sá a sí gbangba oòrùn. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé ẹni tí ó mọ aró ni ó ń bá òun sọ̀rọ̀, ju bí ọ̀rọ̀ "ojúlówó" ìgbà ọgọ́rùn-ún ti lè fi hàn án.

Nígbà tí mo wá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ohun tí mo fi sí òkè pátápátá nìyí: "Adìrẹ ẹlẹ́kọ àti adìrẹ oníko, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn aláró Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Yáàdì márùn-ún ni ìdì kan. A ń fi í ránṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà." Ọmọ ìyá náà kà á, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. "Sà," ni ó wí, "ó ti ṣe ṣókí jù, kò ní ọlá lára." Ó ní àwọn baba wa kò ha ti wí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odidi? Ó fẹ́ kí n fi ohùn ọlọ́lá sọ díẹ̀, kí àwọn ènìyàn fi ọgbọ́n inú wọn mọ ìyókù. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n láàrin àwọn tí wọ́n jọ mọ ara wọn ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Àlejò tí ó ṣí ìkànnì láti Ìlọrin, tàbí láti Peckham ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù níbi tí ó ti ń wá aṣọ tí yóò wọ̀ sí ìkómọ, kò mọ̀ wá rí, kò mọ ìyá wa, kò lè fi ọwọ́ pa aṣọ wò. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sì wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ojú yìí gan-an ni kò sì sí láàrin wa àti onítọ̀hún. Odidi ọ̀rọ̀ ni kí á sọ fún un, kí á sì sọ ọ́ kíákíá. Jakob Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark tí ó fi Amẹ́ríkà ṣe ibi iṣẹ́, kọ ọ́ ní ọdún 1997 pé nínú àwọn tí òun àti ẹlẹgbẹ́ òun fi ìkànnì dán wò, 79 nínú ọgọ́rùn-ún ni kì í ka ojú-ìwé tuntun bí kò ṣe pé wọ́n ń sáré fi ojú gbá a, 16 péré ni ó sì ń kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Fóònù kò tíì bọ́ sọ́wọ́ tẹrú-tọmọ nígbà náà o. N kò rò pé sùúrù wa ti pọ̀ sí i láti ìgbà yẹn wá.

Èyí kò túmọ̀ sí pé n kò fẹ́ràn oríkì. Ta ni ọmọ Yorùbá tí wọn yóò kì tí orí rẹ̀ kò ní wú? Ìyá ìyá obìnrin náà ń rẹ aró, ìyá rẹ̀ rẹ aró, òun náà bá wọn nídìí ìkòkò láti kékeré, ohun tí ó tóbi ni èyí, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìwà kì í ki oríkì ara rẹ̀ fún àlejò tí kò tíì jókòó. A fi ìtàn ìdílé náà sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ọjà, pẹ̀lú àwòrán ìyá fúnra rẹ̀ nídìí ìkòkò aró, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbúnwọ́, a sì yọ àwọn òyìnbó alábọ̀wọ́ kúrò. Ẹni tí aṣọ bá ti wọ̀ lójú yóò sọ̀kalẹ̀ láti mọ ẹni tí ó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ iye owó ni a fẹ́rẹ̀ẹ́ torí rẹ̀ jà. Ìyá náà kò fẹ́ kí a kọ ọ́ rárá. Ó ní àwọn tí ó wà ní ìsọ̀ kejì yóò rí i, wọn yóò sì tà ní èyí tí ó dín. Ó ní ọjà níná ni ọjà, bí ọjà bá sì ti rí ni à ń ná an. Ohun tí ó wí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí owó aró àti owó kọ́tìn kì í dúró lójú kan. Síbẹ̀ mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Àwọn tí ó wà ní ìsọ̀ kejì ti mọ iye tí ó ń tà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ẹni tí kò mọ̀ ni oníbàárà, ẹni tí kò mọ̀ náà ni ó sì ń bẹ̀rù láti bèèrè, kí wọ́n má baà sọ iye tí apá rẹ̀ kò ká kí ojú tì í. "Ẹ kàn sí wa fún iye owó" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ń lé ènìyàn sẹ́yìn ju bí àwọn tí ń kọ ọ́ ti rò lọ. Ohun tí a wá fi ẹnu kò sí ni pé kí a kọ iye tí owó ìdì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, kí a kọ oṣù tí a kọ ọ́, kí a sì sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí ó bá ń ra ti aṣọ ẹbí yóò rí ẹ̀dínwó. Ó ku àyè fún ẹni tí ó fẹ́ ná an.

Àwòrán ni wàhálà tí ó kàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ náà, tí n kò sẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ dán, ti to àwòrán ńlá márùn-ún sí òkè ojú-ìwé, tí wọ́n ń yípo, tí ọ̀kan kì í jẹ́ kí á wo èkejì tán. Lórí fóònù tèmi, ojú-ìwé náà funfun fún ìgbà pípẹ́ kí ohunkóhun tó yọ. Àwòrán kan tí fóònù ìsinsìnyí yà lè tó mẹ́gábáìtì 4, a sì lè dín in kù sí nǹkan bí kílóbáìtì 200 láìjẹ́ pé ẹni tí ń wò ó lórí fóònù rí ìyàtọ̀. Ẹni tí kò bá dín in kù, dátà oníbàárà ni ó ń jẹ láìgba àṣẹ. Google pàápàá, láti oṣù keje ọdún 2019, bí fóònù ti ń rí ìkànnì tuntun ni ó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rán ọ̀dọ́mọkùnrin náà létí pé ìkànnì àkọ́kọ́ tí a ṣe láyé, èyí tí Tim Berners-Lee gbé kalẹ̀ ní ọdún 1991 ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CERN nítòsí Geneva, kò ní àwòrán kan ṣoṣo nínú. Ọ̀rọ̀ nìkan ni, àti ibi tí a lè tẹ̀ láti lọ ka òmíràn, ohun àkọ́kọ́ tí ó sì ń sọ ni ohun tí ó jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí àwọn ọmọdé ti ń rẹ́rìn-ín sí arúgbó, ṣùgbọ́n ó yọ mẹ́rin nínú àwòrán náà.

Aṣọ kò sì ṣeé tà láìsí àwòrán, n kò ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ni a fi ya wọ́n, lábẹ́ ìbòòji, nítorí pé iná kámẹ́rà a máa sọ aró dúdú di búlúù tí ń tàn, oníbàárà tí ó bá sì rí àwọ̀ mìíràn nínú ẹrù rẹ̀ kò ní í padà wá. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ni a kọ orúkọ iṣẹ́ ara rẹ̀ sí: Olókun, àti Ìbàdàndùn tí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó ń bẹ lára rẹ̀, tí àwọn ọmọ Ìbàdàn kì í rí kí inú wọn má dùn. Orúkọ wọ̀nyí ni oríkì tí ó yẹ ojú-ìwé àkọ́kọ́, nítorí pé ọjà ni wọ́n ń kì. Mo sì ní kí wọ́n kọ "adire" síbì kan láìsí àmì lórí, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá a, kí wọ́n sì pa "Home" rẹ́ níbi àkọlé tí Google máa ń fi hàn, kí wọ́n fi "Adìrẹ Ìtòkú, Abẹ́òkúta" dípò rẹ̀. Mélòó ni ìsọ̀ tí a mọ̀ tí wọ́n kọ "Ìsọ̀" sí ara pátákó rẹ̀ tí wọ́n sì lọ jókòó?

Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà, WhatsApp ni ó sì ń gbé ènìyàn lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyá náà ti ń tajà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ṣe fọ́ọ̀mù kan tí ń bèèrè orúkọ, ímeèlì, àdírẹ́sì àti ohun tí ń bẹ lọ́kàn ẹni. Mo bi ìyá bóyá ó ń ka ímeèlì, ó ní ọmọ òun ni ó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ ìyá náà ti kọ ẹ̀rí mẹ́ta sílẹ̀ láti ẹnu àwọn oníbàárà tí kò sí níbì kankan, gbogbo wọn ń yin aṣọ náà pẹ̀lú ohùn kan náà, ohùn tirẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò tilẹ̀ ń gba ogún ọdún. Àwọn obìnrin aláṣọ ẹbí yẹn ń bẹ láàyè. Nígbà tí wọ́n bá ṣe ìnáwó wọn tán, kí ó bẹ̀ wọ́n fún fọ́tò kan àti ọ̀rọ̀ méjì, kí ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ó tó gbé e síta.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ìkànnì tiyín, mo fi ohun kan bẹ̀ yín. Ẹ má ṣe fi í han ọ̀rẹ́ yín, torí pé ọ̀rẹ́ yín yóò yìn ín. Ẹ wá ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yín, ẹ ṣí ojú-ìwé àkọ́kọ́ náà lórí fóònù tirẹ̀, pẹ̀lú dátà tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wò ó fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn méjì fi ń kí ara wọn lójú ọ̀nà, kí ẹ sì gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi í pé kí ni a ń tà níbẹ̀, èló ni, báwo ni yóò sì ṣe rà á bí ó bá fẹ́. Ohun tí kò bá lè dáhùn, ẹ lọ kọ ọ́ síbẹ̀ lónìí.